Ilé Agùdà Tí Mo Jogún Ń Wó: Ibo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́tà márùn-ún la dáhùn lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ilé àtijọ́ tí àwọn èèyàn jogún. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, torí iṣẹ́ inú rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mí, mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n fi mí kọ́, mo sá kúrò níbẹ̀ lọ kọ́ kíkọ pátákó ní Kútọnu. Mo bá àwọn eléré orí ìtàgé lọ sí Èkó, èmi ni mò ń kun ẹ̀yìn ìtàgé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn mo lo ọdún mẹ́fà ní Àbíjáàn nídìí amọ̀ mímọ. Àwòrán ni mò ń yà tà báyìí. Èmi nìkan ni mo padà wálé, ni ẹbí bá ní kí n máa bójú tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Agùdà (irú èyí tí àwọn tó padà dé láti Brazil ń kọ́) tí bàbá bàbá wa kọ́. Òrùlé ń jò, ògiri ẹ̀yìn ti lanu, òdòdó tí wọ́n mọ sójú fèrèsé ń já bọ́. Owó ọwọ́ mi kò ju ti díẹ̀díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kọ́kọ́ tún iwájú ilé kùn, kí ẹbí lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? — Ayàwòrán, Àjàṣẹ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan iwájú ilé rárá. A mọ ìdí tó fi ń wù yín: ẹni tó ti kun ẹ̀yìn ìtàgé mọ bí a ṣe ń sọ pákó di ààfin láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ sórí ìtàgé. Bí ẹ bá kun ojú ilé nígbà tí òrùlé ṣì ń jò, omi á gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀, á sì ti ọ̀dà náà bọ́ láti inú kí ọdún tó yípo. Owó á ti lọ, ẹbí á sì ní ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Omi ló ń pa ilé amọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Níbi tí omi bá ti ń wọlé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Yàtọ̀ sí dídí ojú ibi tó ń jò, ìwé àti okùn ìwọ̀n nìkan ni kí ẹ náwó lé lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ ya gbogbo ilé náà sórí ìwé, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì tún wọn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì, torí yàrá ilé àtijọ́ kì í sábà gún. Ẹ fi igi mítà kan ti ògiri kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Fèrèsé pákó tí ẹ bá yọ, ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára rẹ̀ àti sára férémù rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹ ó lo ọ̀sẹ̀ méjì láti mọ èwo ló ni èwo, torí kò sí méjì tó dọ́gba.

Níbi tí ògiri ti lanu, ẹ po pílásítà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ọ̀já kékeré tó dábùú ẹnu ọ̀hún: gígùn sẹ̀ǹtímítà 15, fífẹ̀ 5, nípọn 1. Ẹ fi ọbẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Bí òjò oṣù kẹrin sí oṣù keje bá kọjá tí ọ̀já náà kò sán, ògiri ti dúró, ẹ lè dí i. Bí ó bá sán, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì ń rìn, dídí tí ẹ bá dí i kò ní dúró. Ẹ wá orísun omi tó ń wọ ìdí rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, etí òrùlé tó kúrú ló máa ń fà á jù, tàbí ilé ìwẹ̀ tí wọ́n kọ́ ti ògiri lẹ́yìn.

Òrùlé ló kàn, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Ẹ má ra páànù tó fẹ́lẹ́ jù lọ́jà torí owó. Èyí tó bá nípọn tó mìlímítà 0.35 ni kí ẹ béèrè. Kí páànù òkè gun ti ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ̀gbẹ́ sì gun ara wọn ní ìgbì kan ààbọ̀. Orí ìgbì ni a ń kan ìṣó tàbí ìdè sí, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Etí páànù gbọ́dọ̀ yọ síta ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán. Kí wọ́n tó kan ohunkóhun, ẹ fi ṣóńṣó ọbẹ gún gbogbo igi òrùlé, pàápàá ibi tó ti wọ inú ògiri. Ibi tí ọbẹ bá rì wọ̀ ti jẹrà. Ẹ kò ní láti yọ gbogbo igi náà: ẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi irú kan náà so ó ní ìdábùú. Kí ojú ìso náà gùn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga igi, kí wọ́n sì fi bóòtù méjì dè é.

Lẹ́yìn òrùlé, ilẹ̀. Àgbàlá ilé àtijọ́ máa ń ga sí i lọ́dọọdún: yanrìn, pàǹtírí, àwókù ilé. Bí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ògiri yín ń mumi lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ wa á kúrò títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí ìpìlẹ̀, ẹ dúró. Kí ilẹ̀ náà dà kúrò lára ògiri, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀pa tí a gún mọ́lẹ̀ ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá da sìmẹ́ńtì yí ìdí ilé ká, omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní ríbi jáde mọ́ àfi inú ògiri.

Ibi tí Àbíjáàn ti máa wúlò fún yín nìyí. Ìdí ògiri tí omi ti jẹ wọnú ni a ó fi amọ̀ tí a gé bíi bíríkì dí, amọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jọ ti ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìkòkò mọ bí amọ̀ ṣe ń rí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi amọ̀ ìkòkò kọ́lé: ó lọ́ràá jù, á sán nígbà tó bá gbẹ. Ẹ po ilẹ̀ náà pẹ̀lú omi, ẹ yí i bí ọ̀pá tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ máa rọra tì í jáde létí tábìlì. Bí ó bá já kí ó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, yanrìn ti pọ̀ jù. Bí ó bá gùn ju 15 lọ kí ó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi yanrìn kún un. Bíríkì amọ̀ náà yóò gbẹ lábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa yí i padà. Nígbà tí ẹ bá ń dí ìdí ògiri, ẹ má gbẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fo ibòmíràn kí ẹ tó padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ mítà mẹ́ta papọ̀ ń pe ògiri wá sórí ara rẹ̀.

Nígbà náà ni òdòdó ojú fèrèsé tó kàn, ìyẹn sì lè jẹ́ ọdún kẹta. Ẹ mú ìwé ìyàwòrán yín lọ sí Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́, tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil, àti sí ilé da Silva tó ti di mùsíọ́mù. Ẹ lọ wo bí ọ̀já orí ògiri, ìyẹn ìlà tí wọ́n mọ yọ síta lókè ògiri, ṣe ń yí igun, ibi tí ó ti nípọn, ibi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ àwọn Agùdà àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló wà níbẹ̀, ohun tó sì sọnù lára ilé yín lè ṣì wà lódindi lára ògiri ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀já gígùn kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ mọ. Ẹ fi páálí gba ìrísí rẹ̀ lára ibi tó ṣì dá, ẹ gé e sára páànù pẹlẹbẹ, ẹ fi fáìlì irin fá etí rẹ̀ títí yóò fi dán, kí ẹ kàn án mọ́ pákó tó ní ẹsẹ̀. Ẹ kan igi tó gún mọ́ ògiri kí ẹsẹ̀ pákó náà lè máa gbá a lọ bíi réluwéè. Ẹ kọ́kọ́ fi àfọ́kù bíríkì àti àpòpọ̀ líle ṣe inú ọ̀já, kí ó kù díẹ̀ kí ó kún. Ẹ wá máa da àpòpọ̀ tó rọ̀ sí i, kí ẹ máa fa pákó náà kọjá. Á tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ojú rẹ̀ tó dán. Apá kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fà á sí. Bí ẹ bá fà á síwá fà á sẹ́yìn, etí rẹ̀ á máa já. Òdòdó ní tirẹ̀, ẹ fi omi àti pátákó ṣóńṣó bó ẹfun àtijọ́ tó ti dí ojú rẹ̀, ẹ fi amọ̀ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ láti gba àwòṣe, kí ẹ da pílásítà sí i. Ọwọ́ tó ń mọ amọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń wá.

Ohun kan kù. Ẹ máa gbé inú ilé náà, àní bó jẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ó máa yàwòrán nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀ láràárọ̀ máa ń gbẹ, ẹni tó ń gbébẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ gbọ́ ìró omi. Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tí yóò bá yín wo ògiri kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ogún Àṣà Áfíríkà, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí EPA, ti wà ní Àjàṣẹ́ láti 1998. Ẹ mú àwòrán ilé tí ẹ yà lọ́wọ́ lọ. Ẹni tó bá mú ìwọ̀n wá, wọ́n á rí nǹkan gidi dá a lóhùn.

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ká wó ilé bàbá wa, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Ó ní èmi obìnrin kò ní ẹnu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tún òrùlé ṣe. Ṣé ilé kò tíì di tèmi? — Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Àjàṣẹ́

Ẹ ní ẹnu níbẹ̀, Ìyá, ṣùgbọ́n ilé kò tíì di tiyín. Òfin ìdílé Benin ti 2004 fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà nínú ogún bàbá àti ìyá wọn. Òfin yẹn náà ló mú kí àbúrò yín má lè dá wó o, kí ẹ̀yin náà má sì lè dá ni ín. Owó tí ẹ ná kò sọ ilé ẹbí di ti ẹnì kan.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó tún ra ìṣó kan. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí gbogbo ajogún wà níbẹ̀ tàbí kí wọ́n rán ẹnì kan pẹ̀lú ìwé. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí sílẹ̀: ta ni yóò máa bójú tó ilé, fún ọdún mélòó, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe, báwo ni owó rẹ̀ yóò ṣe padà bí wọ́n bá pín ilé lọ́jọ́ kan. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nótẹ̀ (notaire), ẹni tí òfin fún láṣẹ láti fòǹtẹ̀ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín nínú ìwé kan, déètì sí déètì. Ní ti ilẹ̀ náà, láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ 2013 ṣe ní 2017, ìwé tí wọ́n ń pè ní titre foncier ni ẹ̀rí ìní tó dúró, ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló sì ń fún ni. Kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ajogún sí i. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ síbẹ̀ “kí ó lè yá” ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé ògiri amọ̀ tó nípọn ní ìdajì mítà tutù lọ́sàn-án ju búlọ́ọ̀kù lọ. Kí ó wọ yàrá amọ̀ àti yàrá búlọ́ọ̀kù ní aago méjì ọ̀sán, kí ó fira rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ bàbá wa ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ti ń wú, ó sì ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bíríkìlà ní sìmẹ́ńtì kò tó, ká tún fi kún un. — Ọmọ Kétu

Sìmẹ́ńtì náà ló ń ṣe é. Ògiri amọ̀ ń mí: omi ń wọ̀ ọ́, ó sì ń gbẹ jáde. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ó jáde, omi á kóra jọ lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á rọ̀, iyọ̀ inú ilẹ̀ á sì ti ìpele sìmẹ́ńtì náà síta. Bí ẹ bá mú un nípọn sí i, á tún wúwo sí i, á sì fa amọ̀ jáde nígbà tó bá ń já bọ́. Ẹ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ Kétu, níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín: ògiri amọ̀ tó ní òrùlé lórí ni, òrùlé àti àtúnṣe ọwọ́ ló ń mú un dúró.

Ẹ bó o kúrò. Ẹ fi òòlù kékeré kan án kí ẹ gbọ́: ibi tó bá dún bí agbè ti ya, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ típẹ́típẹ́, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi ya fúnra rẹ̀, torí bí ẹ bá fipá ṣí i, ojú ògiri á bá a lọ. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ. Ògiri tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 50 tó ti mumi yó lè lò ju ọdún kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín níbí.

Ohun tí ẹ ó fi rẹ́ ẹ padà ni amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn àti koríko gígé, tàbí ẹfun ìkọ́lé, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní chaux (chaux aérienne). Kì í ṣe ẹfun tí wọ́n ń tà fún àwọn olórìṣà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi nínú garawa, kí omi bò ó, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì; bó ṣe ń pẹ́ ló ń dára sí i. Ẹ wọn ọ̀kan ẹfun sí méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta yanrìn. Yanrìn ọ̀sà ní iyọ̀, ẹ má lò ó. Ẹ wọ́n omi sára ògiri kí ó tutù láìṣàn, ẹ rẹ́ ìpele àkọ́kọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí ọ̀kan ààbọ̀, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fi ìpele tó fẹ́lẹ́ lé e. Ẹ fi àpò kòkó tí ẹ ti rẹ sómi bò ó fún ọjọ́ márùn-ún. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ tí ojú ọ̀run ṣì ṣú, ló dára jù fún un. Ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ kíákíá, á di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ yín.

Ẹfun yìí ń jó ojú. Ẹ wọ jígí iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́. Bó bá ta sójú, omi mímọ́ púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ikán wà nínú igi ilé wa. Wọ́n ní ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kùn ún. — Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Òórùn rẹ̀ kì í lọ, ẹfun kò sì ní lẹ̀ mọ́ ibi tó bá kàn mọ́. Inú ilẹ̀ ni ikán ti ń wá, wọ́n sì nílò ọ̀nà amọ̀ wọn láti máa gbé omi. Ẹ fi ọbẹ já ọ̀nà náà, kí ẹ wo ibi tí ó ti jáde nílẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òpó kúrò lórí ilẹ̀ sórí òkúta tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ má to igi ìdáná ti ògiri, kí ẹ máa wò ó lóṣooṣù. Igi tí ẹ ó fi rọ́pò, ìrókò, àpá, tàbí inú líle agbọn olódù.

Báwo la ṣe lè mọ àwọ̀ tí ilé wa ní nígbà tí wọ́n kọ́ ọ? — Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, Àjàṣẹ́

Ẹ wá ibi tí oòrùn àti òjò kì í dé: ẹ̀yìn fèrèsé tó máa ń ṣí ti ògiri, abẹ́ ọ̀já orí ògiri. Ẹ fi ọbẹ kékeré mímú fá ìpele kan kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, ẹ sún díẹ̀, kí ẹ fá ìpele méjì, bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kan ìrẹ́lé, á wá dà bí àtẹ̀gùn àwọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ lómi díẹ̀ kí àwọ̀ lè yọ, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, torí ọ̀já àti ògiri kì í sábà ní àwọ̀ kan náà. Ẹ fi àtẹ̀gùn kan sílẹ̀ láìkùn fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Láti po àwọ̀ náà padà, ẹ fi omi la ẹfun ìkọ́lé tí ẹ ti rẹ sómi, bí a ṣe sọ fún Ọmọ Kétu, títí yóò fi dà bíi wàrà. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ilẹ̀, pupa tàbí yẹ́lò, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná pò lọ́tọ̀, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹfun lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, á máa ràn mọ́ aṣọ. Osùn àti àwọ̀ ewé kì í pẹ́ nínú ẹfun. Bó bá tutù lára ògiri á dúdú, bó bá gbẹ á ṣí gan-an, nítorí náà ẹ kùn ún sára àfọ́kù bíríkì, ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó sọ pé ó ti bá a mu. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́lẹ́, ọjọ́ kan láàárín wọn, ògiri tí a wọ́n omi sí ṣáájú ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣì rí ògiri láti inú ìpele àkọ́kọ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.